Níbo Lẹ Ti Rí I?

"Èyí tó kẹ́yìn ńkọ́, Madame?" Clément, òyìnbó tó ń ṣèwádìí òkun, bèèrè. Ó ti na ọwọ́ sókè sí máàpù ara ògiri, píìnì pupa kan ṣoṣo ló sì kù láàárín ìka rẹ̀ méjì.

Ọmọlará, akọ̀wé rẹ̀, ṣí ìwé àkọsílẹ̀. Ó mọ ohun tó wà níbẹ̀ kí ó tó wò ó, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. "Káàdì kọkànlélógójì. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà. Ọkọ̀ Ògúndélé ló gbé e wá. Ibi tí wọ́n ti rí i: ojú agbami, ní ìkọjá Cap Estérias."

"Agbami lẹ́ẹ̀kan sí i!" Clément tẹ píìnì náà mọ́ máàpù, ó sì fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀ kí ó lè wò ó dáadáa. "Gaston, wá wo nǹkan."

Gaston ló ń tún àwọn ẹ̀rọ ṣe ní ọ́fíìsì wọn, ọmọ Libreville pọ́ńbélé ni. Ó dìde pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́, ó wo àwọn píìnì tó ṣù jọ sójú kan bí èèrà tó rí ṣúgà, ó sì mi orí.

"Gbogbo wọn?"

"Àfi mẹ́ta tí àwọn ọmọ ilé ìwé he létí òkun. Méjìdínlógójì ló lọ sí agbami."

"Òkun tí mo mọ̀ láti kékeré kì í ṣe ọmọlúàbí tó bẹ́ẹ̀," ni Gaston wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Clément rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn, ó sì yẹ kó dùn. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni òun àti Gaston wa ọkọ̀ lọ sójú òkun, tí wọ́n da ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta káàdì pupa tí wọ́n fi ọ̀rá bò sínú omi. Wọ́n kọ ọ́ sára káàdì kọ̀ọ̀kan pé kí ẹni tó bá rí i gbé e wá sí ọ́fíìsì ìwádìí òkun tó wà nítòsí èbúté, kí ó sọ ọjọ́ àti ibi tó ti rí i, kí ó sì gba okùn ọ̀rá kan fún wàhálà rẹ̀. Wọn kò kàn mú ibikíbi da káàdì sí. Ibẹ̀ gan-an ni ilé-iṣẹ́ epo kan fẹ́ ri páìpù sí, kí omi tí wọ́n bá fi fọ àwọn táńkì wọn lè máa gba ibẹ̀ jáde. Ọdún 1976 nìyẹn. Owó epo ti wọ Libreville, ilé gogoro ń hù lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó fẹ́ dá iṣẹ́ epo dúró láìnídìí.

"Lọ́jọ́ Ẹtì ni ìpàdé," Clément sọ fún Ọmọlará. "Ibi tí káàdì bá gbà, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí náà máa gbà. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń lọ sí agbami, kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Màá sọ fún wọn pé kí wọ́n ri páìpù wọn. Ẹ bá mi tẹ ìròyìn náà kó tó di ọ̀la, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ti gbọ́, Mọ̀síọ̀," ni Ọmọlará dáhùn.

Ohun tó já a láyà ni pé kò sí ẹyọ kan nínú káàdì méjìdínlógójì náà tó dé agbami rí. Àwọn káàdì náà máa ń dé ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ dúdú olóòórùn, irú èyí tó wà nínú igbó etí omi iyọ̀ níbi tí gbòǹgbò igi ti ń nà jáde lókè ilẹ̀. Kò sí ẹrẹ̀ ní agbami. Yàtọ̀ sí èyí, ọkọ̀ tó bá gbéra ní ìdájí tó sì gúnlẹ̀ kí oòrùn tó kàn án lórí kò lè rí ààyè dé ìkọjá Cap Estérias kó sì tún da àwọ̀n. Òun ló ń yan ẹja tí ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ ń kó bọ̀, ó sì mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ẹ̀yìn Iyanrìn ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Kò sí nínú máàpù kankan.

Ẹ̀bi rẹ̀ ni, ó sì mọ̀. Láàárín àwọn apẹja etíkun yẹn, Ìlàjẹ ni o, Nàgó láti Benin ni o, ẹnìkan kì í bi ẹnìkejì pé níbo lo ti da àwọ̀n. Bàbá tó bí Ọmọlará, tó fi iṣẹ́ ẹja tọ́ ọ dàgbà ní Kútọ̀nù, bí ẹnìkan bá bi í ní irú ìbéèrè yẹn láàárọ̀, ńṣe ló máa ń kó àwọ̀n padà sílé tí kò ní lọ sódò mọ́ lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí àwọn káàdì àkọ́kọ́ dé, ọmọ apẹja yìí ló dúró sáàárín àwọn atukọ̀ mẹ́fà pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, tó lanu gbàgà, tó ní, "Níbo lẹ ti rí i?" Ògúndélé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ni ọkọ̀, wo ojú òkun, ó ní, "Agbami." Mọ́ṣúdù, ọ̀gá ọkọ̀ àwọn Nàgó, náà ní agbami. Bí agbami ṣe di èsì gbogbo ayé nìyẹn. Ó mọ̀ pé irọ́ ni láti ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ kó ní irọ́ lẹ̀ ń pa, nítorí náà ó kọ ọ́, ó sì ń kọ ọ́ lọ. Ó rò pé ìwé lásán ni. Ta ló ka ìwé lásán sí?

*

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nínú ilé wọn ní àdúgbò Kalikak, Ọmọlará jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ jẹun dé ìdajì kó tó sọ̀rọ̀. Àpèkẹ́, ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ń fi Faransé bá ọmọláńgidi rẹ̀ wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Àpèkẹ́, ọ̀rọ̀ káàdì yẹn ti dé ibi tí kò dáa."

"Káàdì wo?" ni Babátọ́pẹ́ wí.

"Èyí tí ẹ̀ ń kó wá fún mi. Òun ni wọ́n fẹ́ fi mọ ibi tí wọ́n máa ri páìpù epo sí."

"Kí ló pa káàdì pọ̀ mọ́ páìpù?"

"Ibi tí wọ́n ti da káàdì sómi ni páìpù máa wà. Ibi tí omi bá gbé káàdì lọ ló máa gbé epo lọ. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé kò gbé e lọ sí agbami. Ẹ̀yìn Iyanrìn ló ń gbé e lọ."

Babátọ́pẹ́ ṣíwọ́ jíjẹ. Ó wo ẹnu ọ̀nà. "Rọra pe orúkọ yẹn."

"Nínú yàrá tiwa?"

"Ògiri létí."

"Kí ògiri gbọ́, kó gbà wá. Ẹ gbọ́ mi o. Lọ́jọ́ Ẹtì wọ́n máa gbà pé kò sí ẹni tí epo náà máa pa lára, nítorí ohun tí mo kọ."

Babátọ́pẹ́ fọ ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìka kan tẹ̀ lé ìkejì. "Bí o bá sọ ọ́ fún òyìnbó, á fi sínú máàpù. Bó bá ti wà nínú máàpù, àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń fi àwọ̀n gbá ìsàlẹ̀ òkun á rí i. Mọ́ṣúdù á rí i. Kí la máa wá jẹ?"

"Bí epo bá débẹ̀, kí la máa jẹ?"

Babátọ́pẹ́ mu omi, ó gbé ife sílẹ̀, ó tún gbé e. "Ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ. Bùọ̀dá mi ló ni ọkọ̀, àwọn náà ló rí ibẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ bá wọn lọ́la."

"Ìwọ máa lọ," ni Babátọ́pẹ́ wí. "Wọ́n fẹ́ràn rẹ."

Babátọ́pẹ́ kì í bẹ̀rù ìgbì tó ga ju ilé lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bà á láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wà lọ́mọdé. Ọmọlará palẹ̀ àwo mọ́.

*

Lọ́jọ́ kejì, ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ kúrò níbi iṣẹ́ díẹ̀ ṣáájú àkókò, láìtíì tẹ ìròyìn náà, ó sì gba etíkun lọ. Ògúndélé jókòó lábẹ́ ahéré tí wọ́n ń kó ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ sí, ó ń di ojú àwọ̀n tó ya. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ojú rẹ̀ ò sì ríran nítòsí dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ mọ ọ̀nà. Lára òpó tó wà lẹ́bàá orí rẹ̀ ni ìwé kan wà tí wọ́n fi ọ̀rá wé, tí wọ́n kàn níṣòó. Ìwé tó ń sọ àkókò tí òkun máa kún àti àkókò tó máa fà ni. Láti ọ́fíìsì Ọmọlará ló ti ń bọ̀ lọ́dọọdún. Ògúndélé kò gbọ́ Faransé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ nọ́ńbà, kò sì jẹ́ ti ọkọ̀ sómi láìwò ó.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," ni Ọmọlará wí, ó kúnlẹ̀.

"Ìyàwó, kú àbọ̀. Òyìnbó ti tú yín sílẹ̀ lónìí?"

"Èmi ni mo tọrọ àyè. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pa mọ́. Ògúndélé kò gbójú sókè, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, àgbàlagbà náà fi eyín gé okùn.

"Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, Ìyàwó. Ọdún kọkànlá nìyí tí mo rí ibẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì tí a ò rí ẹja jẹ ni mo rí i. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọkọ̀ mi, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń jókòó sí, omi ló ń gbọ́n, kò gbọdọ̀ gbójú sókè wo etíkun títí a ó fi débẹ̀. Odindi ọdún kan. Ọkọ rẹ tó jẹ́ ọmọ ìyá mi ṣe é. Ṣé èmi ni màá wá lọ gbé e fún òyìnbó?"

"Bàbá, ta ló ṣe ìwé ara òpó yìí?"

"Ìjọba."

"Ìjọba ò mọ ìgbà tí omi ń kún. Gaston ló ń lọ wo òpó tí wọ́n fi ń wọn omi ní èbúté, bí òjò ń rọ̀, bí oòrùn ń ràn. Kí Gaston tó dé, bàbá kan tó ti kú ló ń wò ó. Ohun tí wọ́n rí náà ni wọ́n kọ. Wọn ò mọ̀ yín, wọn ò sì béèrè pé ta ló máa lò ó. Ká ní wọ́n kọ ohun tó wù wọ́n ńkọ́?"

Ògúndélé wo òpó náà. "Ọkọ̀ ì bá ti forí sọ iyanrìn."

"Ohun tí èmi náà kọ ló fẹ́ mú ká forí sọ iyanrìn yìí."

"Irọ́ tèmi ò pa ẹnikẹ́ni!" Ohùn àgbàlagbà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń fa ọkọ̀ níwájú fi yíjú. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Dìde, máa lọ sílé. Orúkọ ibẹ̀ ò gbọdọ̀ ti ẹnu rẹ jáde."

Ọmọlará kò dìde. Ẹ̀rù ń bà á gan-an. Kò ta ko ọkùnrin yìí rí láti ọdún mẹ́fà tó ti wọlé wọn.

"Mi ò ní pe orúkọ ibẹ̀, Bàbá. Tiyín ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fi ọwọ́ mi kọ agbami. Ìyẹn, tèmi ni. Lọ́la màá sọ fún wọn pé irọ́ ni mo kọ."

"Wọ́n á lé ọ."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ògúndélé mú abẹ́rẹ́ onígi rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀n, ṣùgbọ́n ojú ihò tó ti dí tẹ́lẹ̀ ló tún ń dí. Ọmọlará kí i pé ó dàárọ̀, ó sì lọ.

*

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Clément kò kọ́kọ́ lóye ohun tó ń sọ.

"Irọ́ mélòó?"

"Méjìdínlógójì, Mọ̀síọ̀."

"Níbo ni wọ́n wá ti rí wọn?"

"Mi ò lè sọ."

"Ẹ ò mọ̀ ni, àbí ẹ ò lè sọ?"

"Mo mọ̀. Mi ò lè sọ. Kì í ṣe tèmi láti sọ."

Ojú Clément pọ́n, ó sì tún funfun. Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní òun ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá òun ní Paris. Ó ní ẹni tí òun fọkàn tán jùlọ ló ṣe òun báyìí. Èyí ló dun Ọmọlará jùlọ, nítorí òtítọ́ ni. Lẹ́yìn náà ọkùnrin náà dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa píìnì yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń jù wọ́n sínú agolo. Wọ́n ń dún kan-kan-kan. Nígbà tó tó àkókò kan, kò ku nǹkan kan lára máàpù bí kò ṣe ihò wẹ́wẹ́ àti píìnì mẹ́ta tàwọn ọmọ ilé ìwé.

"Kí ni mo máa gbé lọ ìpàdé lọ́la? Ihò?"

"Ihò sàn ju ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀," ni Gaston wí láti ìdí iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ máa lọ sílé, Madame," Clément wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀. "Lẹ́yìn ìpàdé, a ó mọ ohun tí a máa ṣe."

Ọmọlará kó àpò rẹ̀. Omi lé sí i lójú, kò jẹ́ kó já bọ́. Ibi tó ti na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ni wọ́n ti kàn án lóde. Nígbà tó ṣí i, Ògúndélé ló rí. Bùbá funfun tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀, ó di fìlà mú lọ́wọ́ kan, ó sì mú ìwé òkun tó wà lára òpó ahéré rẹ̀ lọ́wọ́ kejì. Ojú ìṣó ṣì wà lára rẹ̀. Kò wọ irú ilé yìí rí, ó sì ń wo ilẹ̀ bí ẹni pé ó lè yọ̀.

"Ìyàwó," ni ó wí, "bá mi bi òyìnbó ní ohun kan ṣoṣo. Bí mo bá sọ ibẹ̀ fún un, ta ló máa rí i?"

Ọmọlará túmọ̀ rẹ̀. Clément wo àgbàlagbà náà, ó sì wo máàpù.

"Gbogbo ènìyàn," ni ó wí. "A ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tó wà ní Douala á rí i, ẹni tó wà ní Pointe-Noire, ẹni tó wà ní Lagos. Àwọn ọkọ̀ ńlá náà á rí i. Mi ò lè fi pa mọ́. Ohun tí mo bá fi pa mọ́, ilé-iṣẹ́ epo á ní kò sí."

Ọ̀rọ̀ wá kù sọ́wọ́ Ọmọlará. Faransé tí Ògúndélé gbọ́ kò ju ti ọjà lọ. Ọmọlará lè ní, "Wọ́n ní àwọn ìjọba nìkan." Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì, ó sì sọ ohun tí Clément sọ gan-an fún un, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ ńlá àti Lagos.

Ògúndélé mí kanlẹ̀. "Ó sòótọ́," ni ó wí. "Ká ní ó ní àwa nìkan la máa rí i ni, mi ò bá ti máa lọ sílé."

Ó súnmọ́ máàpù. Kò rí orí rẹ̀, kò rí ìdí rẹ̀. "Ewo ni ilé iná tó ń ṣẹ́jú sókun?" Gaston fi ìka hàn án. "Ibo ni ilé gogoro tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí etí omi?" Gaston fi ibẹ̀ náà hàn án. Ògúndélé ní igi ńlá kan ni òun ń wò tẹ́lẹ̀, àwọn olówó epo gé e, ó wá di ilé gogoro. Ó ṣàlàyé bí ilé náà ṣe máa ń yọ léjìká òkè kan, àti bí ilé iná ṣe gbọ́dọ̀ wà ní ọwọ́ òsì nígbà náà. Gaston fi rúlà fa ìlà kan, ó tún fa ìkejì. Ibi tí ìlà méjèèjì ti kọjá lórí ara wọn, Ògúndélé gba píìnì lọ́wọ́ Clément, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

"Káàdì mọ́kàndínlógún," ni ó wí. "Ìyẹn ni ti ọkọ̀ mi."

Clément kò tíì rẹ́rìn-ín. "Madame, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n á ní ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ti purọ́ rí. Mo nílò ti àwọn yòókù. Kí ilẹ̀ tó mọ́."

Ògúndélé gbọ́ ọ, ó dé fìlà rẹ̀. "Mú ìwé rẹ, Ìyàwó. Jẹ́ ká lọ."

*

Àwọn ọkọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló wà létíkun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ń palẹ̀ àwọ̀n mọ́. Babátọ́pẹ́ rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n jọ ń bọ̀, ó sì wá nǹkan tún ṣe nídìí ẹ́ńjìnnì kíákíá. Ògúndélé dúró sí ojú ibi tí Ọmọlará dúró sí lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

"Bi mí," ni ó wí.

"Bàbá?"

"Ohun tó o bi wá lọ́jọ́sí. Bi mí, kó ròkè."

Ọmọlará mú bírò, ó gbóhùn sókè. "Níbo lẹ ti rí i?"

"Ẹ̀yìn Iyanrìn!" Ògúndélé kò wo òkun lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn ènìyàn ló wò. "Láti ilé iná, lọ sí apá ibi tí igbó wà. Ibẹ̀ ni mo ti ń pẹja láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo ti rí káàdì mọ́kàndínlógún. Wọ́n fẹ́ da epo sí i. Ẹni tí kò bá sọ tirẹ̀ lónìí, kó má sọkún lọ́la."

Babátọ́pẹ́ ti gbàgbé ẹ́ńjìnnì, ó ya ẹnu sílẹ̀. Gbogbo ojú yí sí Mọ́ṣúdù, nítorí wọ́n mọ̀ pé òun ló ti ń wá ibẹ̀ kiri. Mọ́ṣúdù ń fi ẹsẹ̀ wa iyanrìn. Ọkùnrin gìrìwò ni, ṣùgbọ́n ó jọ ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Patron, ọ̀gá wa," ni ó wí nígbẹ̀yìn, "ẹ má bínú o."

"Kí lo ṣe?"

"Tiwa náà, ibẹ̀ ni. Káàdì mẹ́rìnlá."

"Ibẹ̀ níbo?"

"Ibi tẹ́ ẹ pè yẹn náà. Àwa ń pè é ní Ojúde Ìyá Àgbà. Ọdún mẹ́fà nìyí. Bẹ́ ẹ bá ti kúrò láàárọ̀, àwa á lọ lọ́sàn-án."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọlará ń wo ojú Ògúndélé, ó ń retí ìjà. Àgbàlagbà náà ń ka nǹkan sí ara rẹ̀ lọ́kàn, bóyá iye àwọn tó ti fi ọdún kọ̀ọ̀kan jókòó sísàlẹ̀ ọkọ̀ tí wọn kò gbójú sókè.

"Ọdún mẹ́fà," ni ó wí. "Mo sì ń rò pé ẹja ló ń gbọ́n sí i." Ó jókòó sétí ọkọ̀ rẹ̀. "Ìyàwó, kọ ti Mọ́ṣúdù."

Ó kọ ọ́. Ọkọ̀ méjì mìíràn wá sọ káàdì márùn-ún tó kù. Nígbà tó parí, Ọmọlará ka gbogbo rẹ̀ sókè fún wọn ní Yorùbá, ìlà kan tẹ̀ lé èkejì, kò sì sí ẹni tó ní kò rí bẹ́ẹ̀.

*

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ògúndélé kò lọ sódò. Ó jókòó lábẹ́ ahéré rẹ̀, ó ti kan ìwé òkun padà sára òpó. Ó ti lé díẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán kí ó tó rí Ọmọlará lọ́ọ̀ọ́kán, tó bọ́ bàtà sọ́wọ́, tó ń gba orí iyanrìn bọ̀. Ọmọlará kúnlẹ̀, ó sì jókòó sórí àwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Wọn ò ní ri í síbẹ̀ mọ́," ni ó wí. "Wọ́n ní wọ́n á lọ wá ibòmíràn, kí wọ́n tún kọ́kọ́ da káàdì sí i wò. Wọ́n jà o. Clément ní bí kì í bá ṣe ti ọkọ̀ mẹ́rin tó sọ ohun kan náà, wọn ì bá má gbà."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé. Kò rẹ́rìn-ín sí mi ṣá."

"Á rẹ́rìn-ín," ni Ògúndélé wí.

Mọ́ṣúdù àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti kí Jímọ̀ tán, wọ́n ń ti ọkọ̀ wọn sómi. Wọn kò gba ìhà àríwá bí wọ́n ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ láti fi tan ènìyàn jẹ. Wọ́n dojú ọkọ̀ kọ Ẹ̀yìn Iyanrìn tààrà lójú gbogbo ayé. Ògúndélé ń wò wọ́n. Ó dùn ún, kò sì bò ó mọ́lẹ̀.

"Ìyàwó, ojú mi ò gbé e. Wo ìwé yẹn fún mi. Ìgbà wo lomi máa fà?"

Ọmọlará dìde, ó wá ọjọ́ náà. "Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú."

Ògúndélé dìde, ó rìn lọ títí omi fi dé orúnkún rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu.

"Mọ́ṣúdù!" ni ó ké. "Ẹ tètè padà o! Aago mẹ́rin ò gbọdọ̀ bá yín níbẹ̀! Omi máa fà!"